Ẹni Tó Kù Nínú Ilé

Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ fi gbé bàbá arúgbó lọ sílé ẹjọ́, ìwé náà kò sì ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú. Àkọlé wà lókè rẹ̀ gàdàgbà: ÀWỌN TÓ KÙ NÍNÚ ILÉ. Lábẹ́ àkọlé yẹn, funfun báláú. Ọ̀gá mi jù ú sórí tábìlì mi láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ní kí n tètè kọ ọ̀rọ̀ tèmi mọ́ ọn kí wọ́n lè gbé ẹjọ́ náà lọ sílé ẹjọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mo bi í pé kí nìdí ẹ̀ tí ìwé tí kò sọ nǹkan kan fi máa sọ ènìyàn di ọ̀daràn. Ó mí kanlẹ̀, ó jáde.

Kí-Nìdí-Ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí ní àgọ́ ọlọ́pàá wa. Kì í ṣe àpọ́nlé o, ọ̀rọ̀ mi ló ti sú wọn. Àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó kù a máa wá ẹni tó ṣe é. Ní tèmi, bí mi ò bá tíì mọ ìdí ẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ọkọ mi ní bí mo ṣe ń ṣe sí òun náà nìyẹn tí òun bá pẹ́ dé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, yàrá kan jóná ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ojú. Yàrá kan ṣoṣo ni, èyí tí wọ́n ń kó ìgò àyẹ̀wò sí. Nígbàkigbà tí wọ́n bá po oògùn tuntun, wọ́n á mú ìgò díẹ̀ nínú rẹ̀ pa mọ́ síbẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá wá fẹjọ́ sùn, wọ́n á rí nǹkan yẹ̀ wò. Àwọn ènìyàn sì ti wá fẹjọ́ sùn. Ojú àwọn kan wú lẹ́yìn tí wọ́n kán oògùn náà sí i. Ọmọdébìnrin kan wà tí kò ríran dáadáa mọ́ títí di bí a ṣe ń sọ yìí. Àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ wá kó àwọn ìgò yẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Iná ló ṣáájú wọn dé.

Kò sẹ́ni tó ń wọ ilé iṣẹ́ yẹn láì fi káàdì kan ẹnu ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà á kọ nọ́ńbà káàdì náà sílẹ̀ tó bá wọlé, á tún kọ ọ́ tó bá jáde. Lẹ́yìn tí wọ́n paná tán, wọ́n bi kọ̀ǹpútà pé ta ló kù nínú ilé nígbà tí iná sọ. Ó ní kò sẹ́nì kankan. Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í lo káàdì ni Bàbá Ẹnu Ọ̀nà, tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n mú.

Mo lọ bá a nínú àtìmọ́lé. Ó ti ká kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó ti ògiri. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn. Ẹni tí wọ́n bá purọ́ mọ́ a máa pariwo. Ẹni tó bá jẹ̀bi a máa sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá yìí ò ṣe èyí, kò ṣe tọ̀hún. Ó fara balẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ tó mọ̀ pé ó ti gbéra. Kí n má purọ́, ìfarabalẹ̀ yẹn bí mi nínú.

Mo bi í bóyá òun ló finá sí ilé. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá ó rí ẹnikẹ́ni tó jáde kí èéfín tó gbalẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ẹ bi kọ̀ǹpútà, Màdáàmù,” ó ní. “Kọ̀ǹpútà mọ ẹni tó wà nínú ilé.”

“Kọ̀ǹpútà ní kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Ohun tó gbé yín síbí nìyẹn.”

“Ẹ tún un bi.”

Mo sọ fún un pé lọ́la ni wọ́n ń gbé e lọ, pé bó bá dákẹ́ báyìí níwájú adájọ́, inú ẹ̀wọ̀n ló ti máa lo ìyókù ayé rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ojú ọmọdébìnrin yẹn ti mú gbogbo ìlú bínú. Ó ní òun gbọ́. Mo wá bi í pé ta ló ti wá wò ó látìgbà tó ti wà níbí. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ọmọ òun ti wá, ọmọ òun ò gbàgbé òun. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì lè fipá la ẹnu àgbàlagbà.

Ilé iṣẹ́ oògùn náà ṣì ń rùn fún èéfín nígbà tí mo débẹ̀. Ọ̀gá wọn gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ní kí n lọ mú Onígò. Onígò ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá tó jóná. Gbogbo wọn ló gbọ́ nígbà tó ń pariwo lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí iná jó yàrá ọ̀hún dànù kí òun lè sinmi, nítorí wọ́n kọ̀, wọn ò tún òrùlé tó ń jò lé e lórí ṣe. Mo gbé e jókòó síwájú mi. Òógùn bò ó.

“Ẹnu mi ni, Mà,” ó ní. “Ẹnu mi yìí ló máa pa mí.”

Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ òun ni òun wà nígbà tí iná sọ, wọ́n pe òun wá gbọ́ ẹjọ́ ọmọ náà, pé ó ń bú olùkọ́. Mo pe olùkọ́ àgbà lórí fóònù. Obìnrin náà ní òótọ́ ni, ọkùnrin náà jókòó síwájú òun títí ilẹ̀ fi ṣú, àti pé orí ṣì ń fọ́ òun. Káàdì rẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀ ìjáde. Mo ní kó máa lọ. Ó dúpẹ́ dúpẹ́, ó tún fẹ́ sọ ìtàn òrùlé fún mi.

Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn ni mo wá lọ bá. Injiníà ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ́kùnrin tí aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí kò sùn. Òun ló tẹ ìwé funfun yẹn jáde fún wa. Bí mo ṣe dárúkọ Bàbá Ẹnu Ọ̀nà báyìí, omi lé sójú rẹ̀. Ó ní bàbá òun ni. Àbúrò Bàbá ló bí òun, ṣùgbọ́n ó kú nígbà tí òun ṣì ń rá kòrò. Bàbá ló tọ́ òun, Bàbá ló rán òun nílé ìwé, Bàbá náà ló bẹ ọ̀gá títí wọ́n fi gba òun síṣẹ́.

“Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí, Mà,” ó ní. “Mò ń wá orúkọ kan, orúkọ yòówù kó jẹ́, tí mo lè fi gba Bàbá sílẹ̀. Kò sí. Kọ̀ǹpútà kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo tiẹ̀ gbọ́wọ́ lé e léjìká. Títí dòní ni ọwọ́ yẹn ń dùn mí.

Mo ní kó tẹ àkọsílẹ̀ ìjáde ọjọ́ Ajé fún mi. Mi ò bèèrè ìdáhùn kọ̀ǹpútà, àkọsílẹ̀ gan-an ni mo fẹ́. Àtẹ ni: àkókò tí ilẹ̀kùn ṣí wà lápá kan, nọ́ńbà káàdì wà lápá kejì. Ó ní mi ò nílò ìyẹn. Mo ní mo nílò ẹ̀. Ó tún ní ó máa gùn jù. Mo ní ojú mi ò tíì fọ́.

Kí n tó di ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ọ́fíìsì tó ń wá àwọn ènìyàn tó sọnù ni mo ti ṣiṣẹ́, níbi tó jẹ́ pé ìdajì nǹkan tó yẹ ká mọ̀ nípa ènìyàn kì í sí nínú àkọsílẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè, níbẹ̀ náà ni mo ti kọ́ pé ibi tí kò sí nǹkan ni kí n kọ́kọ́ wò. Mo wo àtẹ ìjáde yẹn, mo sì rí i pé ibi méjì wà tí ilẹ̀kùn ṣí tí kò sí nọ́ńbà káàdì níwájú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti àárọ̀. Èkejì jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ tán, kó tó di pé wọ́n rí èéfín.

Inú mi dùn bí ọmọdé. Mo ní ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́: àjèjì kan ló wọlé láì ní káàdì, ó wá wo ilé láàárọ̀, ó wá finá sí i nírọ̀lẹ́. Mo yí ọgbà wọn ká, mo yẹ fèrèsé wò, mo tẹ ìgò fífọ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti ń ka orúkọ àwọn oníṣẹ́ oògùn mìíràn tó ń jowú rẹ̀ fún mi, ó sì ka púpọ̀. Gbogbo rẹ̀ já sí asán. Fèrèsé wọn ní irin, kò sì sí ilẹ̀kùn mìíràn.

Obìnrin tó ń yẹ oògùn wò fún wọn ló là mí lójú. Mo fi ibi tó ṣófo láàárọ̀ hàn án, mo bi í bóyá ó rí àjèjì kankan. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Èmi ni àjèjì yẹn, Mà. Mo gbé páálí lọ sínú ọkọ̀, ọwọ́ mi kún. Bàbá ló tẹ bọ́tìnnì fún mi.”

Ó wá ṣàlàyé. Òfin ilé iṣẹ́ ní kí oníkálùkù fi káàdì kan ilẹ̀kùn, ì báà ru ẹrù, ì báà má ru ẹrù. Ṣùgbọ́n Bàbá ò lè jókòó kó máa wo ẹni tó gbé páálí dé àgbọ̀n kó tún máa wá káàdì nínú àpò. Bọ́tìnnì kan wà níbi tó ń jókòó sí. Á tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn á ṣí, kọ̀ǹpútà á kọ àkókò sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí nọ́ńbà kọ. Ó ní ojoojúmọ́ ni, ó ti pẹ́ kí òun tó débẹ̀. Òun padà wọlé lọ́jọ́ náà, òun sì fi káàdì òun jáde nírọ̀lẹ́ bó ṣe yẹ.

Mo bi í bóyá Injiníà mọ̀ nípa bọ́tìnnì yìí.

“Ta ni kò mọ̀? Òun ni Bàbá ń tẹ̀ ẹ́ fún jù. Kò sọ́jọ́ tí kì í gbé kọ̀ǹpútà lọ gbé e bọ̀.”

Mo jókòó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí àjèjì. Ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ kún ló jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Bàbá rí i, Bàbá ló ṣílẹ̀kùn fún un, Bàbá sì ti gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Kí nìdí ẹ̀? Ta ni arúgbó lè tìtorí rẹ̀ gbà láti lọ sẹ́wọ̀n? Ìdáhùn náà ti wá sí mi lọ́kàn, mi ò kàn fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni.

Kí obìnrin náà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, mo bi í nípa oògùn tó ba ojú àwọn ènìyàn jẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní òun ò yẹ oògùn yẹn wò rárá. Ẹ̀rọ òun bàjẹ́ lọ́sẹ̀ náà, òun sì fi ibi tí wọ́n ń kọ èsì sí sílẹ̀ láì kọ nǹkan kan, nítorí òun gbà pé oògùn tí kò bá ní èsì kò ní jáde. Àfi bí wọ́n ṣe kó o jáde. Nígbà tí òun lọ béèrè, Injiníà bẹ òun, ó ní àṣìṣe tirẹ̀ ni: ó ti kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà pé ibi yòówù tó bá ṣófo, kó kà á sí “ó dára”, kí iṣẹ́ lè yá. Ó ní kí òun ṣe sùúrù, ó máa tún un ṣe. Obìnrin náà ní òun ṣe sùúrù. Ó ń sunkún nígbà tó ń sọ ọ́.

Mo padà sí yàrá kọ̀ǹpútà, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ bí ẹni pé òkú la tẹ́ síbẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ dúró sẹ́yìn wa. Mo ní kí Injiníà fi ìbéèrè tó bi kọ̀ǹpútà hàn mí. Ó gbé e sójú ẹ̀rọ. Ìbéèrè kékeré ni. Ohun tó ń wí kò ju pé: dárúkọ gbogbo káàdì tó wọlé lọ́jọ́ náà tí kò sí nínú àtẹ ìjáde.

“Tún bi í,” mo ní, “ṣùgbọ́n fi sí ọ̀sán ọjọ́ Ajé.”

“Ọ̀sán kẹ̀? Iná ò tíì sọ lọ́sàn-án, Mà.”

“Mo mọ̀. Bi í.”

Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ìka ń dùn. Ìdáhùn jáde. Àkọlé wà lókè, ìsàlẹ̀ funfun báláú.

“Àwọn wo ló wà níbí lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé?”

“Gbogbo wa.”

“Ìwọ náà?”

“Mo wà níjòókòó mi níbí.”

“Kọ̀ǹpútà rẹ ní o ò sí níbí. Ó ní ọ̀gá yín pàápàá ò sí níbí.”

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wúkọ́. Injiníà ní ó lè jẹ́ pé iná yẹn ti ba ẹ̀rọ jẹ́. Mo gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bi í fúnra mi. Mo fi sí àárọ̀ kùtùkùtù, kí obìnrin tó ń yẹ oògùn wò tó gbé páálí jáde. Orúkọ rọ́ jáde gbogbo. Mo fi sí ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé páálí yẹn. Gbogbo orúkọ pòórá.

Ó ti yé mi wàyí. Àyè kan ṣoṣo tó bá ṣófo nínú àtẹ ìjáde ti tó láti pa irú ìbéèrè yìí lẹ́nu mọ́. Kọ̀ǹpútà rí i pé ẹnì kan jáde, kò mọ ẹni tó jẹ́, torí náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ẹnikẹ́ni pé kò tíì jáde. Ló bá dákẹ́. Àwa wá ka ìdákẹ́ rẹ̀ sí pé kò sẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn.

“Ṣé ìbéèrè yìí náà ni Bàbá ń wò nírọ̀lẹ́ kó tó tilẹ̀kùn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Bàbá sì ń tẹ bọ́tìnnì lójoojúmọ́.”

Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

“Bó bá jẹ́ pé bó ṣe rí látilẹ̀ nìyí, ojoojúmọ́ ni ì bá máa ní kò sẹ́nì kankan, Bàbá ì bá sì ti ti ènìyàn mọ́lé. Ó ti ti ẹnikẹ́ni mọ́lé rí?”

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló dáhùn. Ó ní rárá, kò ṣẹlẹ̀ rí. Bí orúkọ ẹni tí Bàbá tẹ bọ́tìnnì fún bá yọ, Bàbá á kàn rẹ́rìn-ín, á ní òun ti rí i tó lọ.

“Ó dáa,” mo ní. “Ìlà kan wà nínú ìbéèrè yìí tẹ́lẹ̀, tó ń ní kó fo gbogbo ibi tí kò bá ti sí nọ́ńbà. Ẹnì kan ti yọ ọ́.”

Mo dá ìlà yẹn padà. Kò gbà mí ní nǹkan kan, ìlà kékeré ni. Mo wá béèrè ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ìgbà tí iná sọ. Káàdì kan ṣoṣo ló yọ. Mi ò tíì ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ tán tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ fi dárúkọ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Káàdì Injiníà ni. Mo wo ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú àtúnṣe sí: orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àkókò tó yọ ìlà náà, lẹ́yìn tí wọ́n paná tán, kó tó tẹ ìwé jáde fún wa. Bó bá fi káàdì jáde lọ́jọ́ Ajé, àkókò ìjáde rẹ̀ ì bá lẹ̀ mọ́ ti iná. Ló bá di páálí mọ́ra, ó jẹ́ kí Bàbá tẹ bọ́tìnnì fún un bó ṣe máa ń ṣe. Bó bá sì fi ìlà yẹn sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní ó ṣì wà nínú ilé. Ó yọ ọ́, gbogbo ilé sì ṣófo. Bàbá nìkan ló kù.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀, títí kan ti oògùn tí kò ní èsì, tó fi sun àwọn ìgò kí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba má bàa rí i. Kò sunkún mọ́. Ó jókòó dáadáa.

“Mo gbàgbé láti fi káàdì kan ilẹ̀kùn, Mà. Ẹni tó bá gbàgbé káàdì kì í ṣe ẹni tó finá sílé. Ta ló rí mi?”

“Bàbá rí ọ.”

“Bàbá ò ní sọ bẹ́ẹ̀.”

Kò fi ìbẹ̀rù sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ibi tó tọ́jú nǹkan sí. Mo ti rí olè, mo ti rí apànìyàn, mo ti rí ẹni tó ta ìyàwó rẹ̀ fún ọ̀tá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú ju gbogbo wọn lọ. Mo ní kí àwọn ọlọ́pàá tó bá mi wá, tí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, mú un lọ sí àgọ́. Ọ̀gá mi sọ fún mi lórí fóònù pé káàdì nìkan ò tó, pé agbẹjọ́rò yòówù máa ní ó gbàgbé ni. Ó ní bí Bàbá ò bá lanu, Bàbá náà ló ń lọ lọ́la.

Mo wọlé tọ Bàbá lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo gbé ìwé méjèèjì lé e lẹ́sẹ̀, èyí tó funfun àti èyí tó ní orúkọ kan. Ó wo èyí tó ní orúkọ, ó sì tètè yí i dojú bolẹ̀.

Ó ní irọ́ ni. Ó ní ọmọ náà ti sọ fún òun pé ó máa jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá òun sílẹ̀, pé kí òun ṣáà ti máa sọ pé kí wọ́n bi kọ̀ǹpútà, kí òun má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Báwo ni kọ̀ǹpútà kan náà ṣe máa wá ní kò sẹ́nì kankan?

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Bàbá, ká ní ẹran wà nínú ìkòkò, àwọn ọmọ sì wà nílé. Ẹ dé, ẹran ti dín. Ọ̀kan nínú wọn jẹ ẹ́, ẹ ò mọ èyí tó jẹ́. Ẹ dárúkọ ọmọ tó dá yín lójú pé kò jẹ.”

Ó ronú. “Mi ò ní lè dárúkọ ẹnì kankan.”

“Ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe nìyẹn. Nítorí ìjáde tó ṣófo, èyí tí ẹ tẹ bọ́tìnnì fún. Ìlà kan wà tó máa ń jẹ́ kó fojú fò ó. Wọ́n yọ ọ́.”

“Ta ló yọ ọ́?”

Mo wo ìwé tó yí dojú bolẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ àṣìṣe. Mo ní kì í ṣe àṣìṣe, Bàbá. Ó ní ọmọ náà wá síbí, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì yìí, ó dì mọ́ òun, ó sunkún sí òun lọ́rùn. Ó bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n yọ ìlà náà, ṣé lẹ́yìn tí ọmọ náà wá ni, bóyá nǹkan kan dẹ́rù bà á nígbà tó padà délé. Ó wo ojú mi bí ẹni pé bí mo bá lè gbà fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, ó máa tó o.

Ó dùn mí láti sọ ọ́. Mo sọ fún un pé nígbà tí ọmọ náà ń dì mọ́ ọn, ìwé funfun yẹn ti wà lọ́wọ́ wa.

Bàbá nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé kóòtù rẹ̀ tó ká, ó tú u, ó tún un ká. Mo rò pé ó máa sunkún, kò sunkún. Èmi gan-an ni mo wojú ògiri.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ tán láì dúró. Ó ní ọmọ náà gbé páálí dé ẹnu ọ̀nà, òórùn kẹrosíìnì ń jáde lára rẹ̀. Òun bi í pé kí lèyí, ó ní ó dà sí òun láṣọ níbi ẹ̀rọ amúnáwá. Òun tẹ bọ́tìnnì. Ó tiẹ̀ ní “Ẹ ṣé, Bàbá,” kó tó jáde. Ìgbà tí èéfín yọ ni gbogbo rẹ̀ yé òun, òun sì rò pé bí òun bá fún un láyè díẹ̀, ọmọ náà á wá jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, nítorí bí òun ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ìdí ẹ̀ tí òun fi dákẹ́ nìyẹn. Òun ń dúró dè é ni.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ó ku ibì kan lórí fọ́ọ̀mù náà, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí ẹlẹ́rìí jẹ́ sí ẹni tó ń jẹ́rìí takò. Mo bi í pé kí ni kí n kọ. Bàbá rẹ̀ ni, àbí ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀, àbí alágbàtọ́?

“Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Màdáàmù.”

“Bàbá, bí mo bá fi í sílẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ẹ kì í ṣe nǹkan kan sí ara yín o. Ohun tó máa sọ ni pé a ò mọ̀.”

Ó gba kálámù lọ́wọ́ mi, ó wá ibi tí wọ́n ń fọwọ́ sí, ó fọwọ́ sí i.

“Èmi náà ò mọ̀ mọ́,” ó ní.